Ìwọ̀fà Kì Í Ṣe Ẹrú: Òmìnira, Owó Orí àti Ètò Ìgbáyé-gbádùn ní Ìbàdàn

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn, Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn

Òkè tí a jókòó sí yìí ní ìpín nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1950, ní ilé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Òkè Bọ́lá níbí, àwọn ènìyàn díẹ̀ jókòó láti dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1951, wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà jáde fáyé rí ní Ọ̀wọ̀. Action Group ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ará ọjà ń pè é nítorí igi ọ̀pẹ tó jẹ́ àmì rẹ̀, Afẹ́nifẹ́re sì ni orúkọ tó wọ Yorùbá létí jù. Àkọmọ̀nà wọn ní apá méjì: òmìnira fún gbogbo ènìyàn, àti ìgbé ayé ọ̀pọ̀ rere. Ọ̀pọ̀ ló ka àkọmọ̀nà yìí sí ìlérí méjì tí wọ́n so pọ̀ kó lè dùn létí olùdìbò. Èrò tèmi ni pé ìlérí kan ṣoṣo ni, àti pé ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀, láti Òkè Bọ́lá dé Mápó, ni ẹ̀rí tó dára jù tí a ní láti fi mọ̀ pé ẹni tó bá gé apá kan sọnù, apá kejì á kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìlànà ìṣèlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní liberalism ni mo ń sọ. Ìlànà òmìnira ni màá máa pè é. Ìjà pẹ̀lú ọba ló bí i nílẹ̀ Òyìnbó: kí ọba má ṣe gba dúkìá ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òfin fọwọ́ sí i, kí wọ́n má ṣe ti ènìyàn mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kí oníkálukú máa sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí àwọn olómìnira ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kó yọwọ́ kílànkó rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àwọn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ wá gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọn kò ro tẹ́lẹ̀ yọjú. Wọ́n rí ọkùnrin tí ọba kankan kò dè, tí òfin kankan kò fipá mú, síbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tí kò fẹ́ fún owó tí kò tó o jẹun, nítorí pé bó bá kọ̀ ọ́, ebi ni fún ọmọ rẹ̀. T. H. Green, olùkọ́ ní Oxford tó kú ní 1882, ló kọ́kọ́ fi ọgbọ́n orí tú u palẹ̀ pé agbára láti ṣe ohun tó níláárí ni òmìnira, pé kí ẹnikẹ́ni má dí ọ lọ́nà nìkan kò tó. L. T. Hobhouse gbé e síwájú nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1911. Àwọn òṣèlú ẹgbẹ́ Liberal sọ ọ́ di òfin: owó ìfẹ̀yìntì ní 1908 fún aláìní tó bá ti pé àádọ́rin ọdún, ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ètò ìdójútòfò fún àìsàn àti àìríṣẹ́ṣe ní 1911. William Beveridge, tí ìwé àbá rẹ̀ ní 1942 di ìpìlẹ̀ ètò ìgbáyé-gbádùn gbogbo Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, ọmọ ẹgbẹ́ Liberal ni òun náà. Awólọ́wọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, ó sì padà wálé ní 1946. Àríyànjiyàn yìí ni gbogbo ìlú náà ń ṣe nígbà tó wà níbẹ̀.

Àmọ́ kò di dandan kí Yorùbá dé Oxford kó tó mọ ohun tí Green mọ̀. Ọ̀rọ̀ wà fún un nínú èdè wa tipẹ́. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ bíbí ìlú ni, wọn kò lè tà á, ó lè gbéyàwó, ó lè ní oko tirẹ̀, ó sì lè pẹjọ́. Gbogbo ohun tí amòfin òde òní ń pè ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ṣòkú, tàbí àìsàn wọlé, wọ́n yá owó, wọ́n sì fi í dúró. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó kò dín ohunkóhun kù nínú gbèsè náà. Èlé ni iṣẹ́ ọ̀hún dúró fún. Ojú owó wà gbọn-in níbi tó wà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá kó o sílẹ̀ lódindi. Ọmọ mìíràn wọ ìwọ̀fà ní kékeré, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ hu irùngbọ̀n kó tó jáde. Ta ló dè é? Ẹnikẹ́ni kò dè é. Àìní ló gba àárọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí àárọ̀ ènìyàn kò bá sì sí lọ́wọ́ ara rẹ̀, kí la fẹ́ máa pe òmìnira tó kù fún un?

Ìjọba amúnisìn fi òfin pa ìwọ̀fà rẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tó pa ìwọ̀fà kò pa ohun tó ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Títí di òní, ilé ìwòsàn tó ní kí wọ́n kó owó sílẹ̀ kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn ṣì ń ti ìyá ọlọ́mọ lọ sọ́dọ̀ olówó sọgúndogójì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe ètò ìgbáyé-gbádùn ní sàárà ìjọba. Ẹni tó ń ṣe sàárà lè dáwọ́ dúró lọ́la, ẹni tó ń gbà á kò sì lẹ́nu láti béèrè ìdí. Ẹ̀kọ́ ọmọdé àti ìtọ́jú aláìsàn wà lára ohun tí òmìnira fi ń dúró, bí òpó ṣe wà lára ilé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣe gbìyànjú rẹ̀ níbí. Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá kan síwájú ilé aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn pé láti oṣù kìíní 1955, ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́fà yóò máa lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ péré ni wọ́n fi kọ́ yàrá ìkàwé, tí wọ́n fi wá olùkọ́, tí wọ́n sì fi kọ́ àwọn olùkọ́ náà níṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1954. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ tún un rò: láàárín ọdún kan ṣoṣo, ọmọ tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún jáde láti oko, láti ìdí àtẹ, láti ẹ̀yìn ìyá wọn, wọ́n wọ kíláàsì. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tún wà ní ilé ìwòsàn ìjọba fún ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjìdínlógún lọ, ìjọba sì fi ṣílè márùn-ún lójúmọ́ ṣe owó iṣẹ́ tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ìjọba kankan ṣe nílẹ̀ yìí tó yí iye ohun tí ọmọ tálákà lè dà padà tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ kọ́, ẹnìkan ló sanwó rẹ̀. Ní 1953 ìjọba fi ṣílè mẹ́wàá àti sísì kún owó orí fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ìlú sì gbóná. Ó gbóná jù ní Ìbàdàn. Òkè Àdó àti Òkè Bọ́lá ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣòwò tó wá láti Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn tẹ̀dó sí. Ọjà'ba, Béèrè àti Bẹ́yẹrúnká ni agbo ilé àwọn ọmọ onílùú tí oko wọn wà ní ìlàjì ọjọ́ sí ìgboro. Adégòkè Adélabú, tí ayé mọ̀ sí Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, kó àwọn wọ̀nyí jọ sínú Mábọlájẹ́, ó sì so wọ́n pọ̀ mọ́ NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ. Ohun tó ń sọ yé àgbẹ̀: owó kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti ẹni tó ń ro oko àgbàdo. Ní 1954 ó gba ìgbìmọ̀ ìlú, ó di alága rẹ̀ ní Gbọ̀ngán Mápó tí ìgbìmọ̀ náà ń jókòó sí. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún náà, NCNC mú àga 23 nínú 42 tó wà fún Ìwọ̀ Oòrùn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú 18. Ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà fìdí rẹmi nínú ilé ara rẹ̀ nítorí owó ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró sí pẹ́. Àwọn tó ń gbé Awólọ́wọ̀ lárugẹ sábà máa ń ka Adélabú sí ẹni tó fẹ́ kí ọmọ tálákà wà nínú òkùnkùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ ìdọ́gba: owó orí tí kò wo ojú àpò ẹni máa ń wúwo lọ́rùn tálákà ju olówó lọ, ohun tí àwọn olómìnira Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gbà ní 1909 nìyẹn nígbà tí Lloyd George, mínísítà ìnáwó wọn, lọ gbé owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó lé onílẹ̀ àti ọlọ́rọ̀ lórí. Ohun tí Adélabú ṣe, tí a kì í yìn ín fún tó, ni pé ó fún olùsanwó lẹ́nu. Nítorí pé ẹnu wà, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ kò lè gba owó kí wọ́n sì dákẹ́. Wọ́n ní láti lọ láti ìlú dé ìlú, kí wọ́n ṣàlàyé, kí wọ́n sì rí i dájú pé ilé ìwé ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ní oṣù karùn-ún 1956, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti wà ní kíláàsì, ẹgbẹ́ kan náà tó fìdí rẹmi mú àga 48 nínú 80 ní ilé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Mi ò sọ pé ilé ìwé nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà wà nínú rẹ̀, Ìbàdàn pàápàá kò kúrò lẹ́yìn Adélabú. Síbẹ̀, ètò náà la iná ìdìbò kọjá lẹ́ẹ̀mejì, iná ọ̀hún ló sì mú kó le.

Ẹlòmíràn lè ní òmìnira wo ló wà nínú kí ìjọba gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ san. Ìbéèrè yìí lágbára ju bí àwọn olólùfẹ́ ètò ọ̀fẹ́ ṣe rò lọ, nítorí owó orí kọ́ ni apá tó tóbi jù nínú rẹ̀. Láti 1947, ìjọba ló ń ra gbogbo kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ nípasẹ̀ Marketing Board. Ní 1954 Ìwọ̀ Oòrùn gba tirẹ̀. Owó tí Board ń san fún àgbẹ̀ kéré sí owó tí kòkó ń pa lọ́jà àgbáyé. Wọ́n ní àwọn ń fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ tí owó kòkó bá já wálẹ̀, àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyókù náà di owó ìdàgbàsókè. P. T. Bauer, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Cambridge, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí òwò Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1954 pé owó orí tí wọ́n fi aṣọ bò ni, tí àgbẹ̀ kò mọ iye rẹ̀, tí kò sì dìbò fún. Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker jókòó ní 1962, ó hàn pé owó Board ti ń wọ ilé-iṣẹ́ kan tó so mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú náà, National Investment and Properties Company. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn ilé ìwé ọ̀fẹ́. Ẹ fi apá méjèèjì wéra: ṣílè mẹ́wàá àti sísì tí àgbẹ̀ rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó jà lé e lórí, ó sì rí ilé ìwé gbà. Owó kòkó tí kò rí, kò lè jà lé e lórí, apá kan rẹ̀ sì bá ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Bauer rò pé ẹ̀rí yìí ń sọ pé kí ìjọba jáwọ́. Lójú tèmi, ohun tó ń sọ ni pé ojú ẹni tó sanwó gbọ́dọ̀ tó ibi tí owó ń lọ.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnu kò sí mọ́. Láti oṣù kìíní 1966 àwọn ológun wà lórí oyè. Kò sí ìdìbò, kò sí kańsẹ́lọ̀ tí àgbẹ̀ lè bá wí. Ẹnì kan ṣoṣo tí ìjọba yàn ló ń ṣàkóso ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀. Owó orí ń wọlé, owó ìmọ́tótó àti àwọn owó kéékèèké mìíràn ń gorí rẹ̀, owó kòkó sì kéré. Àwọn akódà ń já wọ abúlé láti mú ẹni tí kò ní rìsíìtì. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ ìgboro, wọ́n kọlu Mápó, ìbọn sì dún níbẹ̀. Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n, àgbẹ̀ tó kọ ìyà. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Adájọ́ Ayọ̀ọlá ṣe ìwádìí, ìjà kò tán. Ní 1969 wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Tàfá Adéòyè ni aṣáájú wọn tí orúkọ rẹ̀ kàn jù, Akànràn sì ni ibi tí Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ìjọba Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ohun tó ń dùn mí nínú bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn yìí ni pé wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àgbẹ̀ Ìbàdàn kórìíra owó orí láti inú wá. Ẹ ka ẹ̀sùn wọn: ọ̀nà oko kò dára, omi kò sí, àwọn agbowó ń fìyà jẹni, owó tí wọ́n ń gbà kò hàn níbì kankan. Àwọn bàbá kan náà tó pariwo ní 1953 ló fi ìbò ṣe ariwo tiwọn, wọ́n sì padà sílé. Ní 1968 kò sí àpótí ìbò, kùm̀mọ̀ àti ìbọn ṣakabùlà ló kù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló wà láàárín ìjà méjèèjì. Owó wà nínú méjèèjì. Òmìnira ló sọnù láàárín, ikú sì wọlé.

Àtakò mìíràn wà tó wá láti inú àṣà wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní Yorùbá ní àjọ, ní èsúsú, ní àáró àti ọ̀wẹ̀, pé ẹbí ẹni ni ìjọba ẹni. Àáró dára fún ẹni tó ní apá láti fi san án padà. Èsúsú dára fún ẹni tó ní owó ọ̀sẹ̀ láti dá. Opó tí ara rẹ̀ kò yá kò lè wọ àáró, ọmọ òrukàn kò lè dá èsúsú. Ẹbí tó sì jẹ́ pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun, ọdún tí òjò bá kọ̀, gbogbo wọn ni ebi ń pa pọ̀. Iṣẹ́ tí ẹbí kò lè ṣe ni kí àdúgbò tó rí jẹ lọ́dún yìí gbé èyí tí kò rí jẹ. Ní ti àwọn tó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ba ìwé jẹ́, òótọ́ ni pé olùkọ́ kò tó, pé ọ̀pọ̀ kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó péye, pé Ìgbìmọ̀ Banjo tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní 1961 rí àléébù púpọ̀. Ìtọ́jú ni wọ́n fi ń wo àléébù sàn. Ẹkùn Ìlà Oòrùn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1957, owó kò tó, wọ́n dá owó ilé ìwé padà ní 1958, àwọn ìyá sì tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò sí ìyá kan níbẹ̀ tó ń bínú pé ìwé ọ̀fẹ́ kò dára tó.

Níbo ni a wà báyìí? Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, ti 1979 àti ti 1999, pín àkọmọ̀nà Òkè Bọ́lá sí méjì gan-an. Òmìnira láti sọ̀rọ̀, láti sìn, láti kóra jọ wà ní Orí Kẹrin, ilé ẹjọ́ sì lè fi agbára gbà á fún ọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìlera àti ìtọ́jú arúgbó wà ní Orí Kejì, abala kẹfà sì ní adájọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n ní ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Ọdún 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé, tí ìjọba ń yọwọ́ lórí ilé ìwòsàn àti ilé ìwé, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó lè fi òfin dí i lọ́nà. Wọ́n ní owó kò sí. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó kò sí fún ilé ẹjọ́ náà, fún ọlọ́pàá àti fún ìdìbò rí, a kò sì sọ ọ́ di ìgbà tó bá ṣeé ṣe. Pé ògiri tó wà láàárín Orí méjèèjì kò le tó bẹ́ẹ̀ hàn ní 2017, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé, níwọ̀n ìgbà tí òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ti wà, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ti di ẹ̀tọ́ tí ọmọ lè pẹjọ́ lé lórí. Òfin lásán tí ilé aṣòfin ṣe ló sọ ìlérí di ẹ̀tọ́.

Ohun kan náà ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ìlera. Òfin ìdójútòfò ìlera ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó ń ta elùbọ́ ní Ọjà'ba àti ẹni tó ń wa máàrúwá ní Béèrè kò ní ọ̀gá tí yóò máa yọ owó ìdójútòfò náà nínú owó oṣù wọn, nítorí náà ọwọ́ ara wọn ni wọn yóò ti mú un wá, bí bàbá wọn ṣe mú ṣílè mẹ́wàá àti sísì wá. Ní oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àwọn ni iṣẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwòsàn àdúgbò sì wà lọ́rùn wọn. Gbọ̀ngán Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ṣì dúró lórí òkè tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí ìjọba ìbílẹ̀ márààrún tó wà nínú ìgboro Ìbàdàn máa ka ìṣirò owó wọn níbẹ̀ lọ́dọọdún, ní èdè Yorùbá, kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹni tó sanwó láti dìde béèrè.